Wíwo Àwọn Tẹ́ńpìlì Angkor Nínú Ooru: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Àwọn tó ń múra àtilọ wo tẹ́ńpìlì Angkor lórílẹ̀-èdè Kàm̀bódíà máa ń bi mí ní ọ̀pọ̀ nǹkan, ṣùgbọ́n tí a bá yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, ìdajì ìbéèrè wọn ló dá lórí ooru. Mi ò bá wọn wí. Oṣù Kẹrin ni mo kọ́kọ́ débẹ̀, aago mẹ́wàá àárọ̀ kò tíì lù tí aṣọ fi lẹ̀ mọ́ mi lára bí ẹni tí wọ́n rì bọ odò. Mo ti padà lọ lẹ́ẹ̀mejì lẹ́yìn ìgbà yẹn, mo sì ti kọ́gbọ́n díẹ̀. Àwọn ìdáhùn tí mo máa ń fún wọn nìyí.

Ṣé tẹ́ńpìlì kan ṣoṣo ni Angkor?

Rárá o. Olú ìlú àwọn ọba Khmer, ìyẹn ẹ̀yà tó ni ilẹ̀ Kàm̀bódíà, ni Angkor jẹ́ láti ọ̀rúndún kẹsàn-án títí wọ ìkẹẹ̀ẹ́dógún, ọ̀pọ̀ ọba tó sì jẹ níbẹ̀ ló kọ́ tẹ́ńpìlì tirẹ̀. Ilẹ̀ tí àjọ UNESCO fi kún ogún àgbáyé lọ́dún 1992 fẹ̀ tó nǹkan bí 400 kìlómítà onígun mẹ́rin. Ẹ̀gbẹ́ ìlú Siem Reap ló wà, ibẹ̀ sì ni àwọn àlejò máa ń dé sí.

Angkor Wat, èyí tí wọ́n yà sára àsíá orílẹ̀-èdè náà, ni gbogbo ayé mọ̀. Ọba Suryavarman Kejì ló kọ́ ọ ní ìdajì àkọ́kọ́ ọ̀rúndún kejìlá fún Vishnu, òrìṣà àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù. Nígbà tó yá, ó di ilé ìjọsìn àwọn ẹlẹ́sìn Búdà, wọ́n sì ń jọ́sìn níbẹ̀ di òní olónìí. Ọba Jayavarman Keje ló kọ́ Bayon, tí wọ́n gbẹ́ ojú èèyàn ràgàjì-ràgàjì sára ilé ìṣọ́ rẹ̀. Òun náà ló kọ́ Ta Prohm (1186), tí gbòǹgbò igi ti wé mọ́ ògiri rẹ̀, àti Preah Khan (1191). Pre Rup (961) àti Banteay Srei (967) ti wà kí wọ́n tó bí i. Mo dárúkọ àwọn yìí torí pé wọ́n máa jẹyọ nísàlẹ̀. Èyí tí n ò dárúkọ pọ̀ jù wọ́n lọ fíìfíì.

Mo ti mọ ooru tipẹ́. Kí ni tibẹ̀ fi yàtọ̀?

Kì í ṣe oòrùn ló yàtọ̀, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ni. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé òógùn ló ń tu ara. Òógùn fúnra rẹ̀ kì í tu ara. Ìgbà tó bá ń gbẹ kúrò lára ló tó ń kó ooru lọ. Ẹ wo aṣọ tí ẹ sá lọ́jọ́ tí òjò ṣú: ó lè wà lórí okùn láti àárọ̀ dalẹ́ kó má gbẹ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni òógùn ṣe ń rí lára èèyàn nígbà tí afẹ́fẹ́ bá ti mu omi yó. Òógùn á máa ṣàn, á máa kán sílẹ̀, ooru ò ní kúrò nínú ara. Omi yín ń lọ, iyọ̀ ara yín ń lọ, ẹ ò sì rí ìtura kankan gbà dípò. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó ti rin aṣálẹ̀ gbígbẹ kọjá nínú ooru tó ju ti ibẹ̀ lọ fi lè jókòó gbọlọjọ sẹ́nu ọ̀nà Bayon, kó ní òun ò rìn mọ́.

Ẹ wá fi ti ilé náà kún un. Òkúta yanrìn àti yangí ni wọ́n fi kọ́ ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn tẹ́ńpìlì yìí. Láti àárọ̀ ni òkúta ti ń mu oòrùn sára. Tó bá di ọ̀sán, òun náà á bẹ̀rẹ̀ sí í tú u jáde, ooru á máa bá yín látòkè, á máa bá yín látilẹ̀. Ògiri ńláńlá àti igbó tó yí wọn ká ò jẹ́ kí atẹ́gùn ráyè wọlé. Àtẹ̀gùn ibẹ̀ sì ga gan-an, ẹ ó máa gùn ún bí ẹni gun ọ̀pẹ ni.

Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ nílẹ̀. Ará Ṣáínà kan, Zhou Daguan, bá àwọn ikọ̀ ọba rẹ̀ dé Angkor lọ́dún 1296, ó sì lò tó nǹkan bí ọdún kan níbẹ̀. Nínú àkọsílẹ̀ tó ṣe, ó ní ooru ilẹ̀ náà pọ̀ débi pé èèyàn ò lè lo ọjọ́ kan láìwẹ̀ lẹ́ẹ̀mélòó kan. Nígbàkigbà tí mo bá rí àlejò tó ń tijú àtipadà sí hòtẹ́ẹ̀lì lọ wẹ̀ lọ́sàn-án, ọkùnrin yìí ni mo máa ń rántí.

Oṣù wo ló dára jù láti lọ?

Àsìkò ẹ̀ẹ̀rùn bẹ̀rẹ̀ láti oṣù Kọkànlá títí wọ oṣù Kẹrin, òjò sì ń rọ̀ láti oṣù Karùn-ún títí dé oṣù Kẹwàá. Oṣù Kejìlá àti Kìíní ló tutù jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé “tutù” níbẹ̀ túmọ̀ sí nǹkan bí ìwọ̀n 30 Celsius lọ́sàn-án. Ìgbà yẹn náà ni èrò máa ń pọ̀ jù. Láti oṣù Kẹta ni ooru á ti máa gbéra, oṣù Kẹrin ló burú jù: ìwọ̀n 35 sókè lọ́sàn-án, àwọn ọjọ́ kan tiẹ̀ wà tó ń sún mọ́ 40. Àárín oṣù Kẹrin yẹn kan náà ni ọdún tuntun àwọn Khmer, tí àwọn ọmọ ilẹ̀ náà fúnra wọn máa ń ya bo Angkor.

Èmi o, tí wọ́n bá ní kí n mú, ìparí oṣù Kọkànlá ni màá mú. Tí kò bá ṣeé ṣe, oṣù Keje tàbí Kẹjọ. Àwọn èèyàn máa ń bẹ̀rù òjò jù. Ọ̀sán tàbí ìrọ̀lẹ́ ló sábà máa ń rọ̀, á rọ̀ kíkankíkan, á sì dá. Igi á tutù yọ̀yọ̀, omi á kún inú yàrà tó yí Angkor Wat ká, èrò á sì dín. Oṣù Kẹsàn-án àti Kẹwàá ni òjò ti máa ń pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ.

Tíkẹ́ẹ̀tì ọjọ́ mélòó ni kí n rà?

Oríṣi mẹ́ta ló wà láti ọdún 2017: ti ọjọ́ kan jẹ́ 37 dọ́là, ti ọjọ́ mẹ́ta jẹ́ 62 dọ́là, ti ọjọ́ méje jẹ́ 72 dọ́là. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó gbéra, torí owó lè yí padà. Ti ọjọ́ mẹ́ta ni mo máa ń sọ fún àwọn èèyàn pé kí wọ́n rà, ooru ló sì fà á. Kò pọn dandan kí ẹ lo ọjọ́ mẹ́ta náà léra wọn. Ọjọ́ mẹ́wàá ni wọ́n fún yín láti lò ó. Ẹ lè wo tẹ́ńpìlì lónìí, kí ẹ sinmi lọ́la, kí ẹ padà lọ lọ́tùn-únla. Ẹni tó ra ti ọjọ́ kan á fẹ́ jẹ owó rẹ̀ tán, á fi tipátipá rìn lọ́sàn-án gangan, ibẹ̀ sì ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ọwọ́ Angkor Enterprise, tó jẹ́ ti ìjọba, nìkan ni kí ẹ ti rà á, yálà ní ọ́fíìsì wọn ní Siem Reap tàbí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Fọ́tò yín máa ń wà lára rẹ̀, nítorí náà tíkẹ́ẹ̀tì ẹlòmíì ò lè ṣiṣẹ́ fún yín. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 12 ò san nǹkan kan, ṣùgbọ́n ẹ mú páásìpọ́ọ̀tù rẹ̀ dání. Ọgbọ́n kan tún wà níbẹ̀: tí ẹ bá ra tíkẹ́ẹ̀tì ọ̀la lẹ́yìn aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ òní, wọ́n á jẹ́ kí ẹ wọlé lọ wo bí oòrùn ṣe ń wọ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà láìfi ọjọ́ ṣòfò.

Báwo ni kí n ṣe ṣètò ọjọ́ mi kí ooru má baà ṣẹ́gun mi?

Ibi tí gbogbo ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyí. Àṣìṣe tí ọ̀pọ̀ ń ṣe ni pé wọ́n á kọ orúkọ tẹ́ńpìlì sílẹ̀ bí wọ́n ṣe gbajúmọ̀ sí, wọ́n á wá máa tò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ibòji ni kí ẹ fi tò wọ́n.

Ẹ pín ọjọ́ sí mẹ́ta. Láti aago márùn-ún ìdájí títí di aago mẹ́wàá àárọ̀, ìyẹn àsìkò ìrìn. Láti aago mọ́kànlá títí di aago mẹ́ta ọ̀sán, ẹ kúrò lóòrùn pátápátá: ẹ wẹ̀, ẹ jẹun, ẹ sùn. Láti aago mẹ́ta títí di aago márùn-ún ààbọ̀ tí ọ̀pọ̀ tẹ́ńpìlì máa ń tì, ẹ tún jáde. Bí oorun ọ̀sán ò bá wù yín, ẹ lọ sí ilé ọnà Angkor National Museum ní Siem Reap, ẹ̀rọ amúlétutù ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ẹ ó mọ ìtàn àwọn ọba náà, orí á sì tutù.

Nípa ti ibòji: Ta Prohm àti Preah Khan wà láàárín igi ńláńlá, ẹ lè wà níbẹ̀ pẹ́ ju ibòmíràn lọ. Pre Rup, East Mebon àti Phnom Bakheng wà ní gbangba gbàgede, kò sí igi tó bo orí wọn. Ẹ fi wọ́n sí kùtùkùtù tàbí ìrọ̀lẹ́. Bayon wà láàárín méjèèjì: ìsàlẹ̀ rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tóóró tó ṣókùnkùn, òkè rẹ̀ sì ṣí sílẹ̀ gbayawu. Banteay Srei kéré, àwọ̀ òkúta rẹ̀ pọ́n rẹ́súrẹ́sú, fínfín ara rẹ̀ sì dára ju ti gbogbo àwọn yòókù lọ lójú tèmi. Ó jìnnà tó 25 kìlómítà sí àwọn tó kù, nítorí náà ẹ tètè gbéra kí ẹ lè débẹ̀ bí wọ́n bá ṣe ń ṣí i.

Angkor Wat ní tiẹ̀ ní àṣírí kan tí ọ̀pọ̀ ò fiyè sí. Ìwọ̀-oòrùn ló kọjú sí, èyí tó yàtọ̀ sí ọ̀pọ̀ tẹ́ńpìlì Khmer. Gbọ̀ngàn tó yí i ká, tí wọ́n fín ìtàn sára ògiri rẹ̀, ní òrùlé òkúta. Láàárọ̀, oòrùn ń ti ẹ̀yìn tẹ́ńpìlì yọ, gbọ̀ngàn iwájú, ti ìwọ̀-oòrùn, á wà nínú ibòji, ẹ lè wo ogun tí wọ́n fín síbẹ̀ ní àlàáfíà. Lọ́sàn-án, á yí padà: gbọ̀ngàn ẹ̀yìn ló máa tutù. Ibẹ̀ sì ni àwọn òrìṣà àti àwọn ẹ̀mí burúkú ti ń fa ejò ńlá kan láti fi po òkun wàrà, àwòrán kan ṣoṣo tó fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn tó 50 mítà. Ní aago mẹ́ta ààbọ̀ ọ̀sán, nígbà tí àwọn mìíràn ń gbóná lójú ọ̀nà iwájú, èmi máa ń wà lẹ́yìn níbẹ̀, èmi àti ejò.

Ṣé dandan ni kí n jí lọ wo bí oòrùn ṣe ń yọ ní Angkor Wat?

Kì í ṣe dandan. Adágún kékeré tó wà lápá òsì bí ẹ bá wọlé ni gbogbo èèyàn máa ń dúró tì, kí wọ́n lè rí òjìji ilé ìṣọ́ nínú omi, ẹ ó sì máa fi èjìká ti ara yín. Ní nǹkan bí ìparí oṣù Kẹta àti ìparí oṣù Kẹsàn-án, oòrùn á yọ gẹ́rẹ́ lórí ilé ìṣọ́ àárín. Ó dára láti rí. Bí ojú ọ̀run bá ṣú, ẹ ò ní rí nǹkan kan.

Ṣùgbọ́n ẹ jí náà. Ìtutù wákàtí méjì yẹn lérè ju fọ́tò lọ. Bí oòrùn bá ti yọ tán, ọ̀pọ̀ èrò á yí padà lọ jẹun. Ìgbà yẹn ni kí ẹ̀yin wọ inú lọ.

Omi mélòó ni kí n máa mu?

Tí ẹ bá ń rìn nínú ooru, ife omi kan ní gbogbo ìṣẹ́jú 15 sí 20 dára, kí ẹ má dúró dìgbà tí òǹgbẹ bá gbẹ yín. Ẹ máa wo ìtọ̀ yín. Tó bá funfun bí omi tàbí tó pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́, kò séwu. Tó bá dúdú bí tíì tí kò ní mílíìkì, omi ti dín lára yín gan-an.

Omi nìkan ò tó, mo sì fi ara mi kọ́ ọ. Lọ́jọ́ kejì tí mo débẹ̀, mo ti gbọ́ pé kí n mu omi, ni mo bá ń dà á sọ́fun ike lé ike láìjẹ nǹkan kan. Ní nǹkan bí aago méjìlá, ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í há mi, orí ń fọ́ mi, èébì ń gbé mi. Obìnrin kan tó ń ta àgbọn ló wò mí lójú, ó bu iyọ̀ sínú ife omi ọsàn wẹ́wẹ́, ó ní kí n mu ún. Òógùn ń kó iyọ̀ lọ. Tí ẹ bá ń fi omi lásán dípò rẹ̀, iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ á máa dín kù sí i. Tó bá dín jù, ó lè di wàràǹṣeṣà tó ń dá èèyàn dé ọsibítù. Nítorí náà, ẹ jẹun gidi láàárọ̀, oúnjẹ tó níyọ̀. Ẹ kó páálí ORS, ìyẹn iyọ̀ àti ṣúgà tí wọ́n ń pò mọ́ omi mu, díẹ̀ sínú báàgì. Bí kò bá sí, ẹ po ṣíbí tíì mẹ́fà ṣúgà àti ìdajì ṣíbí tíì iyọ̀ sínú lítà omi kan tó mọ́, kí orí ṣíbí tẹ́jú o, kó má wú. Omi àgbọn dùn, ó sì dára, àmọ́ iyọ̀ inú rẹ̀ kéré.

Ọtí ńkọ́? Ó dalẹ́. Òun náà ń fa omi kúrò lára.

Kí ni kí n wọ̀? Mo gbọ́ pé wọ́n máa ń dá èèyàn padà.

Wọ́n máa ń dá èèyàn padà lóòótọ́. Èjìká àti orúnkún gbọ́dọ̀ bò, fún ọkùnrin àti obìnrin. Wọn kì í gba gbẹ̀rẹ́ rárá ní Bakan, òkè pátápátá Angkor Wat: ẹni tó fi ìborùn bo èjìká lórí aṣọ aláìlápá lè pàdánù àyè rẹ̀ lẹ́yìn tó ti tò pẹ́.

Òfin yìí kò tako ooru bí àwọn kan ṣe ń rò. Aṣọ funfun tàbí aláwọ̀ fẹ́ẹ́rẹ́, òwú tàbí líńẹ̀nì, tó gbòòrò tí atẹ́gùn lè gbà wọlé gbà jáde, tu ara ju kí oòrùn máa jó awọ ara ní ìhòòhò lọ. Ẹ má wọ jíǹsì. Bí ó bá ti rin pẹ́ẹ́, kò ní gbẹ mọ́ lọ́jọ́ náà.

Àwọn Khmer ní aṣọ òwú kan tó ní àmì onígun mẹ́rin, krama ni wọ́n ń pè é. Wọ́n ń wé e sórí, wọ́n ń fi nu òógùn, wọ́n ń fi gbé ọmọ. Ẹ ra ẹyọ kan lọ́jà, ẹ rì í sómi, ẹ fún un, kí ẹ sì fi wé ọrùn. N kò tíì rí ohun olówó pọ́ọ́kú tó ṣiṣẹ́ jù ú lọ. Bàtà tó di ẹsẹ̀ mú ni kí ẹ wọ̀, kì í ṣe sálúbàtà; àtẹ̀gùn òkúta ibẹ̀ ti fi ọ̀rúndún mélòó kan yọ̀.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé ooru ti ń ṣe mí ní nǹkan?

Ó máa ń kọ́kọ́ yọ́ wọlé. Orí á máa fọ́ yín, òòyì á máa kọ́ yín, oúnjẹ ò ní wù yín, ẹsẹ̀ tàbí ikùn á máa há. Òógùn á máa ṣàn wàràwàrà, síbẹ̀ awọ ara á tutù, á sì rin gbindin. Àmì kan tún wà tí n kì í fojú kéré: kí èèyàn kàn ṣàdédé máa kanra. Bí ẹni tí ẹ jọ ń rìn, tó jẹ́ ọlọ́yàyà, bá bẹ̀rẹ̀ sí í jágbe mọ́ yín nítorí àwòrán tí ẹ ní kó yà, kì í ṣe ìwà rẹ̀ ló yí padà. Ẹ mú un lọ síbi ibòji.

Ní ìpele yìí, ó ṣì ṣeé tún ṣe. Ẹ jókòó, ẹ tú bàtà àti aṣọ tó fún mọ́ra, ẹ da omi sórí àti ọrùn, ẹ fẹ́ atẹ́gùn sí i, ẹ mu omi oníyọ̀ díẹ̀díẹ̀. Tí kò bá lọ láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹ wá dókítà lọ. Tó bá sì lọ, ẹ má padà síbi ìrìn lọ́jọ́ náà. Mo mọ̀ pé ó dunni, ṣùgbọ́n òkúta náà ti dúró láti nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún.

Bí ẹnì kan bá dákú tàbí tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ kántankàntan ńkọ́?

Ìyẹn ti kọjá àárẹ̀. Bí ara bá ti gbóná kọjá ìwọ̀n 40, ọpọlọ á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣìṣe: onítọ̀hún ò ní mọ ibi tó wà, ó lè máa ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, gìrì lè mú un, ó lè dákú. Òógùn rẹ̀ lè dá, ó sì lè má dá, nítorí náà ẹ má fi ìyẹn ṣe òdiwọ̀n. Ẹ̀mí ń bẹ nínú ewu. Ẹ pe 119 fún ọkọ̀ ọsibítù, ẹ ké sí àwọn òṣìṣẹ́ ọgbà náà, ṣùgbọ́n ẹ má dúró dè wọ́n kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í tù ú lára. Ẹ gbé e sí ibòji, ẹ bọ́ aṣọ rẹ̀ tó bá ṣeé bọ́, ẹ da omi tútù sí gbogbo ara rẹ̀, ẹ máa fẹ́ ẹ láìdáwọ́ dúró. Ẹ gba yìnyín lọ́wọ́ àwọn tó ń ta ohun mímu, ẹ fi sí abíyá, ọrùn àti ìtan rẹ̀. Ẹ má fún un ní nǹkan kan mu bí iyè rẹ̀ ò bá sọ, kó má baà gba ọ̀nà òdì lọ.

Mo ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Ṣé mo lè lọ?

Ẹ bi dókítà yín kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú. Àwọn oògùn kan tó ń mú kéèyàn máa tọ̀, àwọn kan tí wọ́n ń lò fún ara yíyún àti kátá, àti àwọn kan tí wọ́n ń lò fún ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, máa ń dí ara lọ́wọ́ láti fara da ooru. Ẹ má dá oògùn yín dúró fúnra yín o.

Àwọn òbí mi àgbà àti àwọn ọmọ kékeré máa bá mi lọ.

Ẹ dín iye tẹ́ńpìlì kù sí ọ̀kan láàárọ̀, ọ̀kan nírọ̀lẹ́. Ara àgbàlagbà kì í tètè mọ̀ pé òǹgbẹ ń gbẹ òun, àwọn ọmọdé ní tiwọn kì í sinmi títí agbára á fi tán. Nítorí náà, ẹ̀yin lẹ ó máa rán wọn létí omi. Ẹ yan Ta Prohm àti gbọ̀ngàn ìsàlẹ̀ Angkor Wat fún bàbá àti màmá, àtẹ̀gùn ibẹ̀ ò pọ̀. Bakan kì í gba ọmọ tí kò tíì pé ọdún 12, kì í sì í gbà ju 100 èèyàn lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn ọjọ́ mímọ́ ẹlẹ́sìn Búdà tún wà nínú oṣù tí wọn kì í ṣí i rárá.

Ẹ sì fún ara ní ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta láti mọ ooru náà kí ẹ tó ṣe ìrìn tó le jù. Ó tó ọ̀sẹ̀ kan sí méjì kí ara tó mọ́ ọn pátápátá, ṣùgbọ́n ọjọ́ méjì náà lérè.

Kí ni kí n máa gùn kiri?

Ọ̀nà yíyípo méjì ló wà: kékeré tó tó 17 kìlómítà, àti ńlá tó tó 26. Èèyàn lè gun kẹ̀kẹ́ ológeere, ọ̀nà tẹ́jú, igi sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ ó ti sun òógùn kí ẹ tó débi tí ẹ ti fẹ́ sun òógùn. Ọkọ̀ tó ní ẹ̀rọ amúlétutù dùn, àmọ́ wíwọlé sínú òtútù àti jíjáde sínú ooru lẹ́ẹ̀mẹ́wàá lóòjọ́ máa ń sú ara, dígí kámẹ́rà á sì máa bu òógùn bí ẹ bá ṣe ń jáde. Tuk-tuk, ọkọ̀ kékeré bíi kẹ̀kẹ́ Márúwá, lèmi fara mọ́. Orí rẹ̀ bò, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣí sílẹ̀, bó bá ti ń lọ ni atẹ́gùn á ti máa gbẹ òógùn yín. Ọ̀pọ̀ awakọ̀ ló ń gbé kúlà omi tútù sẹ́yìn. Ẹ bá a ṣe àdéhùn owó ọjọ́ náà kí ẹ tó gbéra, kí ẹ sì sọ fún un pé ẹ máa padà sílé lọ́sàn-án.

Bí òjò bá ká mi mọ́ inú tẹ́ńpìlì ńkọ́?

Ẹ yà sábẹ́ òrùlé òkúta, kí ẹ dúró. Ewédò tó hù sára òkúta máa ń yọ̀ bí ọṣẹ, ẹ má sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn tó ga nígbà tí òjò ń rọ̀ lọ́wọ́. Bí ààrá bá ń sán, ẹ kúrò lórí òkè tẹ́ńpìlì kíá, ẹ má sì dúró sábẹ́ igi. Ẹ fi ọ̀rá wé fóònù àti páásìpọ́ọ̀tù láti ilé.

Ẹ̀fọn ńkọ́?

Ó wà, èyí tó sì ń gbé àìsàn dengue kiri ọ̀sán ló ń jẹni, pàápàá ní kùtùkùtù àti ìrọ̀lẹ́, tó jẹ́ àsìkò tí mo ní kí ẹ máa rìn. Aṣọ gígùn tí òfin ní kí ẹ wọ̀ ń ṣiṣẹ́ méjì nìyẹn. Ìpara tó ń dènà oòrùn ni kí ẹ kọ́kọ́ fi para, kó gbẹ, kí ẹ tó fi ti ẹ̀fọn lé e. Ẹ tún ti oòrùn fi ní wákàtí méjì-méjì, torí òógùn á ti fọ̀ ọ́ lọ.

Àwọn èèwọ̀ wo ló wà níbẹ̀?

Ẹ má fọwọ́ kan ohun tí wọ́n fín sára ògiri. Òógùn ọwọ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ń ba òkúta jẹ́. Ẹ má gun ibi tí wọ́n fi okùn dí. Ẹ tọrọ àyè kí ẹ tó ya fọ́tò àwọn mọ́ńkì, ìyẹn àwọn àlùfáà Búdà, obìnrin kò sì gbọ́dọ̀ fara kàn wọ́n. Ẹ má ra nǹkan lọ́wọ́ ọmọdé, bó ti wù kó káàánú yín tó, torí owó yín ló ń mú kí wọ́n má lọ sílé ẹ̀kọ́.

Owó wo ni wọ́n ń ná?

Riel ni owó ilẹ̀ náà, ṣùgbọ́n dọ́là Amẹ́ríkà ń ṣiṣẹ́ níbi gbogbo. Nǹkan bí 4,000 riel ló wà nínú dọ́là kan. Dọ́là tó bá ya, bó tilẹ̀ kéré bí èékánná, wọn kì í fẹ́ gbà á. Ẹ tọ́jú owó kéékèèké fún omi àti àgbọn.

Bó bá jẹ́ ọjọ́ kan péré ni mo ní ńkọ́?

Ẹ wọ Angkor Wat ní aago márùn-ún, ẹ má jáde títí di aago méje ààbọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sí Bayon, ẹ gun òkè rẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́ kí oòrùn tó le, kí ẹ tó wá sọ̀ kalẹ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ìsàlẹ̀. Ní aago mẹ́wàá, ẹ padà sí hòtẹ́ẹ̀lì. Mo mọ̀ pé ó máa dà bíi pé ẹ ń fi owó ṣòfò. Ẹ sùn bó ti wù kó rí. Aago mẹ́ta, Ta Prohm. Aago márùn-ún, ẹ jẹ́ kí tuk-tuk gbé yín lọ sí Pre Rup, tó ń ṣí di aago méje alẹ́. Phnom Bakheng ni ọ̀pọ̀ ti máa ń wo bí oòrùn ṣe ń wọ̀, ṣùgbọ́n 300 èèyàn péré ni wọ́n ń jẹ́ kó wà lókè lẹ́ẹ̀kan, ìlà ibẹ̀ sì lè jẹ gbogbo ìrọ̀lẹ́ yín. Ní Pre Rup, ẹ gun àtẹ̀gùn díẹ̀díẹ̀, ẹ kọjú sí ìwọ̀-oòrùn, kí ẹ sì tẹ́ krama sílẹ̀ kí ẹ tó jókòó: òkúta ibẹ̀ á ṣì máa gbóná lẹ́yìn tí oòrùn bá ti wọ̀.